Àjọṣe XSLT àti PHP: Àríwísí lórí Ìpínyà Àkóónú àti Ìrísí

1. Ìfáàrà

Bí ó bá ṣeé ṣe láti ya ohun tí iṣẹ́ kan ń sọ kúrò lára ìrísí rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè tí ó ti pẹ́ láàrin àwọn alárìíwísí lítíréṣọ̀. Ìbéèrè kan náà ni ó dojú kọ àwọn tí ń ṣètò ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì. Èdè XSLT, tí James Clark jẹ́ olóòtú ẹ̀dà rẹ̀ kìíní ní 1999, dá lórí èrò pé ìpínyà náà ṣeé ṣe: fáìlì XML ni yóò gbé àkóónú, ìwé-ìlànà XSLT ni yóò sì sọ ìrísí tí yóò mú. PHP, tí Rasmus Lerdorf gbé jáde ní 1995, kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀. Àárín HTML gan-an ni a máa ń kọ àṣẹ rẹ̀ sí.

2. Ìdí àjọṣe

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. XSLT kò mọ ẹni tí ó ń béèrè ojú-ìwé, kò sì lè bá dátábéèsì sọ̀rọ̀. PHP lè ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti gbòòrò, àṣẹ rẹ̀ àti HTML a lọ́ mọ́ra débi pé ẹni tí ó kàn fẹ́ yí àwọ̀ ojú-ìwé padà lè ba ìṣirò owó inú rẹ̀ jẹ́. Láti ìgbà tí PHP 5 ti jáde ní 2004 ni XSLTProcessor ti ń so àwọn méjèèjì pọ̀: PHP yóò kó àkóónú jọ sínú XML, yóò fi setParameter fi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, XSLT yóò sì sọ gbogbo rẹ̀ di HTML.

3. Àléébù

Ibi tí àríwísí ti gbọdọ̀ múná ni registerPHPFunctions, tí ó fún ìwé-ìlànà láyè láti pe fọ́ńkíṣọ̀n PHP. Àwọn tí ó fara mọ́ ọn ń sọ pé XSLT 1.0, ẹ̀dà tí libxslt tí PHP gbára lé ń lò, kò ní ọ̀nà láti ṣètò déètì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣe ni a fọ́ ẹnu kèrègbè kí ọwọ́ àgbà lè wọ̀ ọ́.

Lọ́nà kìíní, XSLT kì í yí ohunkóhun padà lẹ́yìn òde ara rẹ̀. Fọ́ńkíṣọ̀n tí a pè lè kọ nǹkan sínú dátábéèsì níbi tí a ti ń to ojú-ìwé lásán. Lọ́nà kejì, irú ìwé-ìlànà bẹ́ẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ nínú Saxon tàbí irinṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: bí a kò bá to orúkọ àwọn fọ́ńkíṣọ̀n tí a gbà láyè, ẹnikẹ́ni tí ó bá lè fọwọ́ kan ìwé-ìlànà lè pe èyí tí ń pa fáìlì rẹ́. Ìdènà tí PHP 5.4 mú wá ní 2012 kò ká èyí. Kíkọ fáìlì láti inú XSLT fúnra rẹ̀ nìkan ni ó dí.

4. Ìgúnlẹ̀

Àjọṣe náà wúlò, bí ààlà bá wà. Kí PHP parí ìṣirò àti ètò déètì kí XSLT tó bẹ̀rẹ̀. Bí fọ́ńkíṣọ̀n bá di dandan, kí a to orúkọ wọn. Ààlà yìí ni ó jẹ́ kí a lè fa ojú-ìwé lé ayàwòrán lọ́wọ́ láìfi kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú.