Èèkù fáìlì nínú Perl: mo gba ẹ̀bi mi

Ọ̀kan nínú yín bi mí láìpẹ́ yìí pé ṣé mo ṣì fara mọ́ ìlà tí mo máa ń kọ sára pátákó nígbà náà:

select((select($fh), $| = 1)[0]);

Rárá o. N ò fara mọ́ ọn mọ́.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ò burú. Tí Perl bá ń kọ̀wé sínú fáìlì, àpò kan ló kọ́kọ́ ń kó o sí. Ìgbà tí àpò bá kún, tàbí tí a bá pa fáìlì dé, ló tó ń dà á jáde. Ìlà yẹn ní kó máa dà á jáde lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa kà á tó máa yé? Mo kàn ń fi yangàn ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan fò ó torí kò yé e. Ètò rẹ̀ ń ka ìwọ̀n ooru mọ́jú. Nígbà tó há, ó fi kill -9 pa á. Gbogbo ohun tó kù nínú àpò bá a lọ. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Ẹ wá wo èyí:

$fh->autoflush(1);

Èèkù fáìlì fúnra rẹ̀ la rán níṣẹ́, iṣẹ́ náà sì lórúkọ. Kí Perl 5.14 tó jáde ní 2011, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ use IO::Handle. Láti ìgbà náà, Perl ń gbé IO::File wá fúnra rẹ̀. Èmi ṣì ń kọ ọ́ o, torí Perl àtijọ́ ṣì wà lórí ẹ̀rọ àwọn ènìyàn.

Ibi tí mo ti bá Perl wí nìyí: tí ẹ bá ṣèèṣì fi kọ́mà sẹ́yìn èèkù nínú print $fh "ooru", kò ní bínú. Ojú ìbòjú ni yóò kọ ọ́ sí, fáìlì yín á ṣófo. $fh->print("ooru") kì í dá irú ọ̀fìn yẹn sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ má sùn lé autoflush. Ó kàn fi ọ̀rọ̀ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni. Tí iná bá lọ lójijì kó tó dé dísìkì, ó ṣì lè ṣòfò. Iṣẹ́ $fh->sync nìyẹn.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọmọ tí mo fi èèkù lé lọ́wọ́ láìsọ bí a ṣe ń dì í mú, n ò tíì kọ́ ọ.