Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Ìyáàlù

Bí ènìyàn bá wọ gbọ̀ngàn tí àwọn aláwàdà ti ń ṣeré lálẹ́, ojú ìtàgé ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ, níbi tí iná ti ń tàn yòò, tí bàbá arúgbó kan sì ti ń dá àpárá nínú ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Kì í sábà wo apá òsì, níbi tí ọkùnrin mẹ́rin jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìlù léjìká, tí ẹni tó ṣíwájú wọn ń fi ojú kan ṣọ́ òṣèré, tó sì ń fi èkejì ṣọ́ èrò ìwòran. Èmi ni ẹni tó ṣíwájú yẹn. Ilé Àyàn ni wọ́n bí mi sí. Kànnàngó ni mo kọ́kọ́ gbé nígbà tí èjìká mi kò tíì le gba ohun tó wúwo. Nígbà tí mo sì dàgbà tó ẹni tí ń gbé ìyáàlù, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bá olórin lọ sí òde ìyàwó àti òde òkú, èmi bá ẹgbẹ́ aláwàdà kan lọ. Ó lé ní ogún ọdún tí a fi rìn, láti Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìkìrun dé Ìsẹ́yìn, tí à ń sùn lórí ẹrù nínú lọ́rì, tí à ń jẹun láàárín òru. Àwọn ará ilé wa rò pé mo ti fi ìlù ṣòfò. N kò bá wọn jiyàn nígbà náà. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí mo ní lórí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ báyìí.

Ohun tó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ mọ̀ ni pé a kò ní ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́, kí èrò tó dé, ọ̀gá wa á jókòó sórí àpótí aṣọ, á sì la ìtàn sílẹ̀ fún wa bí ẹni tí ń júwe ọ̀nà oko fún àlejò: bàbá kan jẹ gbèsè, ológò ń bọ̀ wá dógò tì í, ìyàwó rẹ̀ á purọ́ fún ológò, bàbá á sá pamọ́, ó parí. Ọ̀rọ̀ tí oníkálukú máa sọ di ọwọ́ ẹnu ara rẹ̀. Ìran tí a fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe ní Ìwó lè gba ogún ìṣẹ́jú ní Ìsẹ́yìn, nítorí pé obìnrin kan láàárín èrò ti dá ọ̀gá lóhùn, ọ̀gá sì ti rí i pé ẹran ṣì wà lára egungun ọ̀rọ̀ náà, kò ní fi sílẹ̀ títí yóò fi họ ọ́ tán. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún onílù nínú irú eré bẹ́ẹ̀ pé ibí ni kó ti lù, ibẹ̀ yẹn ni kó ti dákẹ́. Etí rẹ̀ ni ìwé rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ni olùkọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó nì, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1826, Aláàfin ní kí àwọn eégún apidán ṣeré fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n jó nínú àpò, wọ́n mú erè jáde, lẹ́yìn náà ni òyìnbó funfun báláú kan jáde, tó ń fín aáṣáà, tó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, tó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Láàárín ìran kan sí òmíràn, àwọn ayaba ń kọrin, èrò sì ń gbè é. Òyìnbó jókòó, ó ń wo òyìnbó. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi fi yé mi pé nínú ìrìn ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rín ti bẹ́ sílẹ̀, nítorí pé títí di òní olónìí, ẹsẹ̀ aláwàdà ni onílù ń wò, kì í wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu lè purọ́, ẹsẹ̀ kì í purọ́.

Nígbà tiwa, àwọn àgbà wà tí a fi ṣe àwòkọ́ṣe. Dúró Ládípọ̀ gbé dùndún wọ orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo ní ọdún 1961, àwọn àgbà ìjọ fajú ro, ṣùgbọ́n kò gbé ìlù sílẹ̀. Nígbà tó fi di 1964, ìlù kan náà ti bá eré rẹ̀, Ọba Kò So, dé Berlin. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, olórin ni kó tó di aláwàdà. Nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Sunny Adé ti ta gìtá kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo bí Bàbá Sàlá ti ń dákẹ́ kó tó ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ á mọ̀ pé ọkùnrin náà ń ka ìlù nínú ikùn.

Mẹ́rin ni wá lórí bẹ́ǹṣì. Gúdúgúdú wà, abara-kékeré, abohùn-líle, tí a fi ìda lẹ̀ lójú; òun kì í sọ̀rọ̀, òun ni ọkàn tí ń lù kì-kì nínú àyà eré. Kẹríkẹrì ń kùn nísàlẹ̀, ìṣáájú ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Èmi wá gbé ìyáàlù, ìyá arẹwà tó fi ṣaworo ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, igi tí kò lẹ́nu tó ń pe alààyè lórúkọ. Bí olóyè bá ń wọlé nínú agbádá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹlẹ̀ gbì, gbì, mo tú ọsán, ohùn ìlù á rọlẹ̀ bí ohùn àgbàlagbà. Bí ìyàwó tuntun bá ń bọ̀, mo fún ọsán mọ́ ìhà, ohùn á lọ sókè fẹ́ẹ́rẹ́. Bí olè bá ń yọ́ wọlé, n kò ní fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ rárá. Ṣaworo nìkan ni mo máa mì, ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí àtàǹpàkò rẹ̀ bá kanlẹ̀. Bí olè bá dúró lójijì, ọwọ́ mi gbọ́dọ̀ ti dúró ṣáájú rẹ̀. Bí ṣaworo bá dún ní ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti dúró, ọ̀gá á yí ojú wo ìlù bí ẹni tí aládùúgbò fẹ́ tú àṣírí rẹ̀, èrò á sì bú sẹ́rìn-ín. Báyìí ni àṣìṣe mi fi di ọ̀rọ̀ eré nígbà mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló ń rí bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Ìkìrun, nígbà tí ewé iṣẹ́ ṣì tutù lọ́wọ́ mi, ọ̀gá ń ka owó ẹyọ lórí ìtàgé, láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, láìsọ̀rọ̀, tí owó náà ń dín sí i bó ti ń kà á. Gbọ̀ngàn dákẹ́ lọ bí ọ̀sán gangan. Mo rò pé eré ti kú, mo sì fi ìlù dí àlàfo náà, mo dárà, ọwọ́ mi dùn. Ìgbà tí mo fi gbé ojú sókè, ẹ̀rín tó ti ń kó ara jọ nínú àwọn ènìyàn ti túká. Lóru, nígbà tí à ń jẹ ẹ̀bà, ọ̀gá pè mí.

“Àyàn, nígbà tí mo dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀?”

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.”

Ó ní, “Èrò ìwòran ni mo ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti fẹ́ dá mi lóhùn. Ìlù kọ́ lo lù, ọ̀rọ̀ lo já lù.”

Kò tún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ẹran tó kù nínú àwo sọ́dọ̀ mi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe awọ ìlù nìkan ló lè ya.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú lórí ohun tí ìyáàlù ń sọ gan-an. Ìró ohùn nìkan ni ìlù ní: dò, re, mí. Kò ní ètè tí yóò fi pe b, kò ní ahọ́n tí yóò fi pe t. Ohun tó bá ti sọ, ẹni tó gbọ́ ọ ló ń fi ètè ara rẹ̀ parí rẹ̀. Lóde àríyá, onílù a máa fi oríkì gígùn ká ọ̀rọ̀ mọ́, kí ìtumọ̀ má baà ṣìnà. Nínú àwàdà, a fẹ́ kó ṣìnà. Ní alẹ́ kan, ẹni tó ń ṣe ológò kò yọjú nígbà tó yẹ kó wọlé, ọ̀gá ti sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán, ó ti gba ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá kọjú sí mi: “Àyàn, ológò dà?” Mo lu mí-mí-dò. Ó ń bọ̀ ni mo ní lọ́kàn. Ọ̀gá gbé ọwọ́ sétí: “Ó ń tọ̀ kẹ̀?” Ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín, bẹ́ẹ̀ ni ológò sì já wọlé tó ṣì ń so okùn ṣòkòtò, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí a bá ti kọ ọ́ sínú ìwé, kò ní dùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, mo fi èyí ṣe ọgbọ́n. Nínú eré onígbèsè yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu gbólóhùn kan ṣoṣo fún bàbá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: dò-mí-re-mí. Nígbà tó bá wọlé, èrò á gbọ́ ọ pé Bàbá ti dé, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Nígbà tó bá jẹ iyán tí ìyàwó gbé kalẹ̀ fún àlejò tán, tó ń fọwọ́ pa ikùn, mo lù ú bákan náà, àwọn obìnrin á kọ́kọ́ gbọ́ ọ: Bàbá ti yó. Nígbà tí ológò bá kan ilẹ̀kùn, tí ẹsẹ̀ bàbá kò sì sí nílẹ̀ mọ́, gbogbo ilé á fẹnu gbè é: Bàbá ti sá. N kò yí ọwọ́ padà rí, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi, tí àbọ̀ kan náà ń di odidi mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀ta ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni a wà lálẹ́ tí mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀. Gbogbo ibi ìsápamọ́ ti tán fún bàbá, ló bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ní òun ti kú. Ìyàwó fi aṣọ bò ó dé ọrùn. Ológò dúró lé e lórí, ó ń sunkún owó, kò sunkún òkú. Mo dúró títí ẹkún fi lọ sílẹ̀ díẹ̀, mo ní kí gúdúgúdú dá ọwọ́ dúró, mo wá lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń túfọ̀ àgbà: dò-mí-re-mí. Bàbá ti kú. Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nínú ẹ̀rín náà ni ọ̀gá ti la ojú kan, bíńtín, láti wò bóyá ológò ti lọ. Ọmọ kékeré kan tó jókòó sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ níwájú rí i. Ó dìde dúró, ó na ìka, ó sì fi ohùn tó ga ju ìlù mi lọ kígbe ní dò-mí-re-mí:

“Bàbá ti jí!”

Ológò yíjú padà. Òkú fò dìde, ó gba àárín èrò kọjá pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, ológò gbá tẹ̀lé e, wọ́n sì bá ẹnu ọ̀nà jáde sí ìta. Báyìí ni eré parí lálẹ́ ọjọ́ náà, ní ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò pète kó parí sí.

Nígbà tí à ń di ẹrù sínú lọ́rì, ọ̀gá wá bá mi níbi tí mo ti ń tú ọsán kí awọ lè sinmi. Ó ní, “Àyàn, jí yẹn, ṣé ìwọ lo lù ú ni, àbí ọmọ yẹn?”

Mo ní, “Ọ̀gá, dò-mí-re-mí ni mo lù.”