Ìmọrírì fún Ẹni Tí Ń Fẹ̀sọ̀ Pa Kọ́kọ́rọ́ Mọ́

Ní Ifákọ̀ tiwa yìí, tí ó fara ti Gbàgádà, mo ti rí ọ̀dọ́ tí ó fi gègé àti pépà síwájú, tí ó sì gbé fóònù rẹ̀ jìnnà sí ara rẹ̀, kí ó tó tan ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń pa kọ́kọ́rọ́ owó kirípítò mọ́, irú èyí tí Trezor gbé jáde láti ìlú Prague ní 2014. Ìṣe rẹ̀ wù mí púpọ̀, nítorí ajé ògúgúlùsọ̀ kì í bá aláìbìkítà gbé.

Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tí ó ṣe é ni ó ti rà á, kì í ṣe àlòkù. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni ó ṣa ọ̀rọ̀ 24 tí a fi ń gba kọ́kọ́rọ́ padà láàárín ọ̀rọ̀ 2,048 tí a ti tò kalẹ̀ (bí o bá bá ọ̀rọ̀ ní kíkọ nínú páálí, olè ni ó kọ ọ́), ọ̀dọ́ náà sì fi ọwọ́ kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láìya fọ́tò, láìtẹ̀ wọ́n sórí kọ̀ǹpútà. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ jinlẹ̀ sí jù lọ ni pé owó táṣẹ́rẹ́ ni ó kọ́kọ́ fi síbẹ̀, ó pa gbogbo ohun tí ó wà lórí ẹ̀rọ rẹ́, ó fi ọ̀rọ̀ inú pépà mú un bọ̀ sípò, owó rẹ̀ sì pé pérépéré; ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí FTX, iléeṣẹ́ pàṣípààrọ̀ owó kirípítò tí ó ń bá àwọn oníbàárà pa kọ́kọ́rọ́ mọ́, wó ní oṣù Kọkànlá 2022, àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wọn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n káwọ́ lérí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò wa, ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ 24 náà, ìbáà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, ẹ má fún un.