Etí Ni Kó Ṣáájú Ojú

Láti Mọ́níyà ní Akinyẹlé títí dé Akánrán ní Ọnà-Àrà, ìsìnkú àgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ wáyé mọ́ lónìí kí fídíò rẹ̀ má wà lórí fóònù. Àwòrán olóògbé á kọ́kọ́ yọ, oríkì á máa dún lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ oríkì náà á sì máa jáde ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe é wà ní Ìyànà Ọ̀fà, wọ́n wà ní Ẹgbẹ́dá, nínú ìsọ̀ kékeré tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìpè, tí wọ́n sì ti ń ya fọ́tò. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Àwọ̀ wọn ń dán, lẹ́tà wọn ń jó. Ẹ̀sùn mi kò ju ẹyọ kan lọ: ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ ohùn.

Nínú After Effects, ohùn máa ń hàn bí ìlà tó ń ga tó sì ń lọ sílẹ̀. Ibi tí ìlà bá ga, ohùn le níbẹ̀. Ibi tó bá tẹ́, olóhùn ń sinmi. Ọ̀pọ̀ wọn á wo orí òkè ìlà yìí, wọn á sì gbé ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ohùn ṣe le tó ni ìlà ń sọ, kò sọ bí ó ṣe ròkè tàbí bí ó ṣe rodò. Igbá, igba àti ìgbà lè jọra wọn lójú rẹ̀. Ta ni yóò wá fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ mọ Yorùbá?

Ká ní onírárà kan ń ki baba kan pé kò jẹ gbèsè títí ó fi kú. Ó lè fa “kò” gùn, kí ó mí, kí ó tó sọ “jẹ gbèsè”. Etí ẹni tó gbọ́ Yorùbá á so méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ìlà á fi àlàfo hàn láàárín wọn. Ẹni tó ń wo ìlà á gé ọ̀rọ̀ níbẹ̀: “kò” á pòórá, “jẹ gbèsè” nìkan á wá dúró lábẹ́ àwòrán baba, níṣojú opó àti àwọn àna. Gbogbo lẹ́tà pé. Àkókò ló ba oríkì jẹ́. Ọmọ tó bá sì jẹ́ pé orí fóònù ni yóò ti kọ́ oríkì ilé wọn, bí ó ti rí i ni yóò gbà á.

Ti gángan tún burú jù. Onílù lè kọ́kọ́ fi ìlù sọ gbólóhùn kí onírárà tó gbà á. Àmọ́ ojú fóònù á ṣófo títí ènìyàn á fi lanu, bí ẹni pé ìlù kò sọ nǹkan kan.

Àléébù mìíràn wà nínú bí wọ́n ṣe ń dán iṣẹ́ wò. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ pèsè àwòrán kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi hàn. Bí iṣẹ́ bá wúwo jù ú lọ, àwòrán á máa wọ́, ohùn á sì máa já. Ẹni tó bá fi irú eré bẹ́ẹ̀ to ọ̀rọ̀ ń fi kóńgò tó ti tẹ̀ wọn gàrí ni. Ohun ìgbọ́ràn Bluetooth náà ń dá kún un, torí ohùn máa ń pẹ́ kó tó débẹ̀. Àwòrán 25 ni tẹlifíṣàn wa ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ohùn bá fi ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́, àwòrán márùn-ún ti kọjá lọ.

Mo mọ èsì wọn: iná kì í dúró, epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, oníbàárà sì fẹ́ gba fídíò kó tó di ìrọ̀lẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ ohùn nìkan kò ni kọ̀ǹpútà lára, torí kò ní pèsè àwòrán kankan. Nínú After Effects, bọ́tìnnì àmì ìdánudúró tó wà láàárín àwọn nọ́ńbà apá ọ̀tún ló ń mú ohùn dún láìsí àwòrán. Bí ó bá ti ń dún, bọ́tìnnì ìràwọ̀ ibẹ̀ á fi àmì sí ibi tí etí bá yàn. Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká kò bá ní apá nọ́ńbà, ẹ pa àwòrán nínú pátákó Preview, kí ẹ fi ohùn sílẹ̀. Ẹ gbọ́ oríkì náà tán lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi àmì sí i nígbà kẹta, kí ẹ tó fọwọ́ kan lẹ́tà.

Ìbàdàn yìí ni tẹlifíṣàn WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Síbẹ̀, rédíò àti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ ará oko fi gbọ́ ewì Láńrewájú Adépọ̀jù àti ti Túbọ̀sún Ọládàpọ̀. Kò sí lẹ́tà tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì mọ ibi tí gbólóhùn parí sí. Àwọn tó ní irú etí bẹ́ẹ̀ ṣì wà nílé wa. Kí àwọn ọmọ olóògbé má ṣe torí àwọ̀ tó ń dán gba fídíò. Kí wọ́n pe àgbà tó mọ oríkì ilé wọn jókòó, kí wọ́n jọ wò ó tán, kí wọ́n tó san owó tó kù.