Gègé Johnson àti Ìbọn Ness

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ẹni tí ó mú Al Capone, olórí ọ̀daràn ìlú Chicago, Eliot Ness ni wọn yóò dárúkọ. Sinimá The Untouchables, èyí tí Brian De Palma ṣe ní 1987, ni ó kọ́ púpọ̀ nínú wọn bẹ́ẹ̀. Sinimá náà dùn ún wò. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Sean Connery gba ẹ̀bùn Oscar nítorí ipa tí ó kó nínú rẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n sinimá náà kò fi àyè sílẹ̀ fún George E. Q. Johnson, agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní Chicago, ẹni tí ó gbé ẹjọ́ náà dé òpin. Ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ní 1927 ni Johnson dé ipò náà. Òfin tí ó ka ọtí títà léèwọ̀ ti wà lóde láti 1920, títa ọtí ní ìkọ̀kọ̀ sì ti sọ Capone di olówó. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ẹlẹ́rìí la ẹnu. Nígbà tí a yìnbọn pa ènìyàn 7 ní ọjọ́ 14 oṣù Fẹ́búárì, 1929, gbogbo ìlú fura sí i, síbẹ̀ a kò rí ẹnikẹ́ni dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ti sọ ní 1927 pé owó tí a rí lọ́nà àìtọ́ pàápàá ní owó-orí nínú. Ibẹ̀ ni Johnson gbà wọlé. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí bí Frank Wilson jókòó ti ìwé báńkì àti ìwé ìṣirò owó ilé tẹ́tẹ́. Ní 1930, a dá Ralph, ẹ̀gbọ́n Capone, lẹ́bi. A dá Jack Guzik lẹ́bi. Frank Nitti sì jẹ́wọ́, ó lọ sí ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ó kan ọ̀gá wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀któbà, 1931, a dá Capone lẹ́bi lórí ẹ̀sùn 5. Adájọ́ Wilkerson fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún 11 àti owó ìtanràn 50,000 dọ́là. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọdún mẹ́rin ni Johnson fi wá ọjọ́ kan náà.

Kí ni sinimá wá ṣe? Ó gbà pé owó-orí ni a fi mú Capone, ó tilẹ̀ fi oníṣirò kan, Wallace, sínú ìtàn. Ṣùgbọ́n ìbọn ni ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì pa á kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní òpin, Ness ti Nitti lulẹ̀ láti orí òrùlé ilé-ẹjọ́. Ní tòótọ́, inú ẹ̀wọ̀n ni Nitti wà nígbà ìgbẹ́jọ́ Capone. 1943 ni ó tó kú. Ẹ̀tọ́ eléré ni láti yí ìtàn padà, ṣùgbọ́n ìyípadà yìí ń kọ́ni pé òfin kò lè borí àfi bí ẹni tí ń ṣọ́ ọ bá kọ́kọ́ rú u. Iṣẹ́ Johnson já a ní irọ́. Ẹ̀sùn ọtí tí akitiyan Ness mú wá ní 1931 kò tilẹ̀ dé ìgbẹ́jọ́.

Èmi kò sọ Johnson di ẹni mímọ́. Òun àti àwọn agbẹjọ́rò Capone ti fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọdún méjì ààbọ̀ péré. Wilkerson ni ó kọ̀. Àwọn 7 tí a pa kò sì rí ẹ̀san nínú ìwé owó-orí. Eré gidi wà níbẹ̀: ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní apànìyàn dúró níwájú agbẹjọ́rò, owó nìkan ni agbẹjọ́rò sì lè bi í. De Palma ní ọrọ̀ yìí lọ́wọ́, ó dà á nù.

Ní 1932, Ààrẹ Hoover fi Johnson ṣe adájọ́. Ilé aṣòfin àgbà kò fi ọwọ́ sí i, ó sì kúrò ní 1933. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ń kọ eré, àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ta ni nínú yín yóò gbé ìwé ìṣirò owó sí orí ìtàgé, tí ọkàn òǹwòran yóò sì máa lù kìkì?