Ọpọ́n Kì í Rántí: Àríyànjiyàn Ọ̀ta àti Ọ̀pẹ Gẹ́gẹ́ bí Lítíréṣọ̀ Alohùn

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lórí ayò ọlọ́pọ́n, ohun tí òǹkàwé máa ń bá pàdé ni ihò 12 tó wà lára ọpọ́n, ọmọ ayò 48 tí a ń pín sínú wọn, àti òfin tó de bí a ṣe ń ta á. Ìwé tí A. O. Odeleye kọ lórí eré náà, èyí tó jáde lọ́dún 1977, ṣì wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ ìlànà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró sídìí ayò rí mọ̀ pé kí ojú tó rí ọpọ́n, etí ti gbọ́ ariwo. Ọ̀ta ń fọ́nnu, ọ̀pẹ ń wí àwíjàre, òǹwòran ń dá sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ sí. Àwàdà ni a sábà máa ń pe gbogbo èyí, tí a ó sì kọjá, bí ẹni pé orúkọ yẹn ti tó àlàyé.

Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ìdí ayò kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a fi kún eré. Iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe tí ọpọ́n fúnra rẹ̀ kò lè ṣe. Òun ló ń pa ìtàn eré mọ́. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn àwọn tó ń ta ayò pọ̀ lójoojúmọ́ fi máa ń dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí àlejò, tí ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá fún àwọn tí ọ̀ràn kàn.

Ẹ wo bí eré náà ṣe máa ń parí. Nínú irú ayò tó wọ́pọ̀ jù, ẹni tó bá ti jẹ ju ọmọ 24 lọ ti borí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á dá gbogbo ọmọ ayò padà sínú ihò ní mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀ta àti ọ̀pẹ á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ipò kan náà. Kò sí àmì kankan lára igi pé ẹnì kan ti jìyà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Àwọn tó ń díje nínú chess ní ìwé tí wọ́n ń kọ ìrìn kọ̀ọ̀kan sí, wọ́n sì ní ètò máàkì tó ń sọ ẹni tó ju ẹni lọ káàkiri àgbáyé. Ayò abẹ́ igi kò ní irú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá kò sí níbì kankan àfi lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀ lánàá. Bí ẹnu wọn kò bá sì kò, kò sí àkọsílẹ̀ mìíràn tí a lè yẹ̀ wò.

Ká ní ọkùnrin méjì kan wà ní Langbasa, lẹ́yìn Ajah, tí wọ́n jọ máa ń ta ayò ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí á pe ọ̀kan ní ẹ̀gbọ́n, kí á pe èkejì ní àbúrò. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò pa ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n pa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti iye, gbèsè méjì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò ní sọ̀rọ̀ iye. Yóò ní ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ka nǹkan, torí pé oorun ń kun òun. Àbúrò lè wá dáhùn pé, “Bàbá, ṣé ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni oorun náà kùn yín?”

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn kékeré yìí. Ìbéèrè pẹ̀sìjẹ ni, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò sí nínú pé ó jẹ́ ìbéèrè. Àbúrò kò sẹ́ àwíjàre ẹ̀gbọ́n. Ó gbà á, ó sì kà á. Iye tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi oorun bò mọ́lẹ̀ ni àbúrò fi oorun náà gbé jáde padà, tó fi jẹ́ pé àwíjàre ti di ẹ̀rí. “Bàbá” àti “yín” kò kúrò níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ ọjọ́ orí dúró gbọn-in nínú gírámà, nígbà tí ìtumọ̀ ń yẹ̀yẹ́ ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Àwọn tó ń sọ pé ayò máa ń fagi lé ipò àgbà kò tíì fetí sí arọ́pò-orúkọ. Ipò àgbà kò lọ síbì kankan. Òun gan-an ló ń mú kí èébú náà dùn létí, torí bí àbúrò bá sọ “o” dípò “ẹ”, ìwọ̀sí lásán ni ọ̀rọ̀ náà yóò dà.

Ìdáhùn tó kàn ni pípe ẹlẹ́rìí. Ẹnì kan nínú àwọn òǹwòran wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á ní kí ó sọ ohun tó rí. Ẹ̀tọ́ tí ó fi ń sọ̀rọ̀ kò ti inú ọgbọ́n ayò wá, ó lè jẹ́ ọ̀pẹ pọ́ńbélé. Wíwá tó ń wá lójoojúmọ́ ló fún un ní ẹ̀tọ́ náà. Ẹni tó mọ ayò jù ú lọ ṣùgbọ́n tí kò yọjú lọ́jọ́ náà kò ní ẹnu níbẹ̀. “Ìwọ ò sí níbẹ̀” ti tó láti pa á lẹ́nu mọ́.

Èdè eré náà ti múra ilẹ̀ sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ báyìí. A máa ń ta ayò, a máa ń jẹ ọmọ, a sì máa ń pa ẹni tí a bá jẹ ọmọ rẹ̀ tán. Jíjẹ àti pípa ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nílẹ̀, kò sì sí èyí tó rọ̀ nínú méjèèjì. Ohùn tó gbẹ̀yìn nìkan ló ya ọ̀ta sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀tá. (Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ yóò ní ìṣòro tó ju ti ìdánwò lọ níbí.)

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ìdí ayò ló yẹ kí a pè ní lítíréṣọ̀ ṣá. Ẹni tó ń pariwo “ọ̀pẹ” nígbà ogún kò ṣe ju pé ó ń pariwo lọ. Ohun tí a fi ń mọ èyí tó dára ni pé ó di ohun kan mú nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ọpọ́n, ó sì sọ ọ́ di ohun tí a lè gbé kiri. Èyí tí a ṣì ń rántí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló yege.

Níbo wá ni a ó fi í sí láàárín àwọn ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn? Nínú ìwé tí Ọlátúndé Ọlátúnjí kọ lọ́dún 1984 lórí ewì alohùn Yorùbá, oríkì, ẹsẹ Ifá, ọfọ̀, òwe àti àlọ́ àpamọ̀ ló ní àbùdá tí a lè fi dá wọn mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdí ayò kò ní àbùdá tó dúró bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti rí ẹlẹgbẹ́ ni inú iṣẹ́ tí Adébóyè Babalọlá ṣe lórí ìjálá ní 1966. Babalọlá fi hàn pé nígbà tí oníjàálá bá ń sun ìjálá lọ́wọ́, onímọ̀ mìíràn lè já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó ní ó ti ṣìnà, kí òun náà sì dáhùn láti gbèjà ara rẹ̀. Àwọn ògbóǹtarìgì méjì ń jà lórí ohun tó tọ̀nà lójú àwọn tó mọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìjálá ní oríkì àti ìtàn tó ti wà kí oníjàálá méjèèjì tó dáyé, wọ́n sì lè fi ẹjọ́ wọn lọ àwọn àgbà. Àwọn tó ń ta ayò ń jà lórí ohun tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, tí kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn wọn.

Ọ̀rọ̀ ìbínú kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé “eré ni” máa ń ronú pé kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn. Ó ń dùn wọ́n. Ẹni tí a pè ní ọ̀pẹ lójú àwọn ọmọ àdúgbò kì í sùn dáadáa. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni ibi tí ààlà wà láàárín èyí tó ń dunni tí ó ṣì jẹ́ ti ayò, àti èyí tó ń tú ayò ká. William Labov, nínú iṣẹ́ tó ṣe lórí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní Harlem, tó jáde lọ́dún 1972, fi èsì ṣe òṣùwọ̀n. Ó ní èébú ni a fi ń dáhùn èébú eré, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá bú ní tòótọ́ á sẹ́, tàbí kí ó wí àwíjàre. Òṣùwọ̀n yìí kò bá ìdí ayò mu. Àwíjàre ni oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pẹ, ó ń wí i láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó gbà pé ìjà ti dé. Ìdí rẹ̀ ni pé òótọ́ ni ẹ̀sùn tí a fi kàn án: wọ́n pa á.

Ààlà tó wà nídìí ayò jẹ́ ti irú ẹ̀sùn. Ẹ̀sùn tí ọmọ ayò lè dáhùn jẹ́ ti eré, bó ti wù kí ó korò tó. Bí a bá sọ fún ọkùnrin kan pé kò mọ ìgbà tó yẹ kí ó tú odù rẹ̀, ó lè jókòó kí ó tú u lójú ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá sọ fún un pé kò tíì san owó ilé, kò sí ihò kankan nínú méjèèjìlá tó lè fi dáhùn. Haló tí àwọn Ewe máa ń kọ ní Ghana àti Togo jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò ti sí ọpọ́n láàárín. Àdúgbò kan ń kọrin èébú sí èkejì, wọ́n ń wú ìtàn ìdílé àti àṣírí ẹni jáde, títí tí ìjọba fi fòfin dè é ní Ghana. Kò sí eré kejì tí ẹni tí wọ́n kọrin bú yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, àfi kí ó kọ orin tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá jẹ́ àkọsílẹ̀ ayò, ohun tó bá tú àwọn ẹlẹ́rìí ká ti tú àkọsílẹ̀ náà ká. Ìtàn Lekki àti Ajah kò ṣeé kà láìdárúkọ Maroko. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Raji Rasaki, fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọjọ́ méje péré kí wọ́n tó wó ilé wọn. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni a sábà máa ń kà sí àwọn tí wọ́n lé. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló rí ilé gbà ní Ilasan, ní Ikota àti ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó kù wá ibi tí wọ́n lè sá sí. Ìwádìí tó wà lórí ìwólé náà kún fún ilé, ilẹ̀ àti ẹjọ́, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú àdúgbò tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ìdí eré tó tú ká kò lè mọ ní ẹyọ kan. Ọkùnrin tó bá ara rẹ̀ ní Ilasan lè gbẹ́ ọpọ́n mìíràn, ó lè ra ọmọ ayò 48. Ohun tí kò lè rà ni ẹni tó mọ̀ pé ó pa lágbájá ní ẹ̀ẹ̀mẹfà léra wọn lọ́dún 1988. Láàárín àwọn aládùúgbò tuntun, ìfọ́nnu rẹ̀ ti di ìròyìn tí kò ní ẹlẹ́rìí. Wọ́n lè gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn lé e lórí, ó sì ṣeé ṣe kí àìrí ẹni bá jiyàn yìí dun irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju kí a pè é ní ọ̀pẹ lọ.

Láti ìgbà náà ni ilé olódi ti ń pọ̀ sí i lẹ́bàá títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́, títí dé Sangotedo àti síwájú sí i, tí ayálégbé ń wọlé, tí wọ́n sì ń kó jáde bí owó ilé ti ń gòkè. Ibi eré kò wọ́n. Nínú ọgbà Lekki Conservation Centre, pátákó chess ńlá kan wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá sanwó wọlé. Àlejò á ta á, á ya fọ́tò, á lọ. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní ọ̀pẹ lọ́jọ́ kejì. Ní gáréèjì Ajah àti lábẹ́ àtíbàbà àwọn mẹkáníìkì, draft àti ludo ni a máa ń rí ju ayò lọ, síbẹ̀ ariwo tó wà níbẹ̀ bá ti ayò mu ju ti ọgbà lọ, torí pé àwọn tó wà lánàá ló tún wà lónìí.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ pé fóònù ló ń pa ayò kò fi gbogbo ara jẹ́ òótọ́. Ayò orí fóònù wà, ó sì ń ka ọmọ láìṣì í. Ó tilẹ̀ ń rántí iye ìgbà tí a borí, ohun tí ọpọ́n igi kò lè ṣe. Níbi tó ti rántí yìí gan-an ló ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnu, torí kò sí àyè fún oorun tó kun ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Iye ti wà níbẹ̀, ẹjọ́ sì ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí kan bí a ṣe ń kó ọ̀rọ̀ ìdí ayò jọ. Aṣèwádìí tó bá gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí Ikota fún ìrọ̀lẹ́ kan yóò kó ariwo wálé, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwàdà ni. Gbólóhùn tí àbúrò sọ nípa oorun kò ní ìtumọ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bó ti wù kí ó dá èdè Yorùbá mọ̀ tó. Ó yẹ kí ó máa lọ lójoojúmọ́, kí ó máa kọ ẹni tó pa ẹni sílẹ̀, títí tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe òun náà pé kí ó wá jẹ́rìí, tí ẹnì kan yóò sì sọ fún un pé irọ́ ló ń pa.