ỌBA KÒ SO: IṢẸ́ IYE NI, KÌ Í ṢE IṢẸ́ INÁ NÌKAN

Bí àwa Yorùbá tí ń bẹ lẹ́yìn odi bá fẹ́ ṣe ọjọ́ àṣà, eré Ṣàngó kì í gbẹ́yìn. A ó wọ aṣọ pupa fún ọmọ kan, a ó di irun rẹ̀, a ó fi oṣé lé e lọ́wọ́, iná yóò sì máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn òbí á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Bí ẹ bá béèrè orúkọ eré náà, wọ́n á ní Ọba Kò So ni. Lójú tiwa, èéfín eré náà ni irú èyí, kì í ṣe eré náà gan-an.

Ní Òṣogbo, ní ọdún 1963, ni olóògbé Dúró Ládípọ̀ kọ́kọ́ gbé Ọba Kò So jáde. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ. Nígbà tí ó gbé ìlù ilẹ̀ wa wọ inú orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní 1961, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti kọjú sí ìtàn àwọn ọba wa. Eré yìí dé Berlin ní 1964, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Bàtá, dùndún, oríkì àti ọfọ̀ ni ó gbé e débẹ̀.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, ní akọni méjì, Tìmì àti Gbọ̀nkáà. Agbára wọn kò jẹ́ kí ọkàn ọba balẹ̀. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀; Tìmì di ẹni ńlá níbẹ̀. Ọba rán Gbọ̀nkáà lọ mú un wá. Ó mú un wá, síbẹ̀ ọba tún ní kí àwọn méjèèjì jà lójú ará Ọ̀yọ́. Gbọ̀nkáà ṣẹ́gun, ó sì yíjú sí ọba fúnra rẹ̀.

Ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, yàtọ̀ sí èyí. Níbẹ̀, oògùn tí Ṣàngó fi ń pe mànàmáná ni ó jó ààfin rẹ̀, tí ó pa nínú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ìbànújẹ́ ni ó lé e kúrò lórí oyè, kí ó tó pokùnso ní Kòso. Bẹ́ẹ̀ náà, ayé Aláàfin Kọ̀rí ni Johnson fi Tìmì Ẹdẹ sí, kì í ṣe ayé Ṣàngó.

Ṣé Ládípọ̀ purọ́ ni? Rárá o. Ó so ìtàn méjì pọ̀ kí a lè rí ẹ̀bi ìjọba kedere: olórí tí ó ń bẹ̀rù alágbára, tí ó ń fi ẹnì kan gbógun ti èkejì, ara rẹ̀ ni ó ń dá lóró. Ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí ẹgbẹ́ kankan tí ń yan alága.

Ṣùgbọ́n a rí ohun kan tí ó sọnù. Baba tí ó pàdánù ọmọ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ dun ni ju ọba tí ìmọ̀ràn rẹ̀ já sí asán lọ. Ká ní Ládípọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, omijé ìbá pọ̀ sí i.

Ohun mìíràn tún wà fún àwa tí a ń gbé ní Minna àti Bida. Johnson sọ pé ọmọ Ẹlẹ́mpe, ọba Tápà, ni ìyá Ṣàngó, àti pé ọ̀dọ̀ baba ìyá rẹ̀ yìí ni ó forí lé kí ó tó kú. Nítorí náà, àwọn Nupe tí a jọ ń ná ọjà, ìdílé ìyá Ṣàngó ni wọ́n. Ọmọ wa tí ó bá gbọ́ èyí kò ní fojú àjèjì wo aládùúgbò rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa ni pé, bí a bá tún fẹ́ ṣe eré yìí, kí iná dín, kí ọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí Tìmì àti Gbọ̀nkáà pe ọfọ̀ wọn ní Yorùbá, kí àgbà kan sì kọ́ àwọn ọmọ ní ìtumọ̀ rẹ̀ ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń pariwo pé ọba kò so, nígbà tí gbogbo wa rí i pé ó so. Ọmọ tí ó bá béèrè bẹ́ẹ̀ ti ń gbọ́ èdè baba rẹ̀. Èyí tí ó rí iná nìkan kò tíì wo Ọba Kò So.